Ojú tí Òǹwòran fi ń wo Ìwà Ipá Akọ-n-bábo nínú Eré Onípele orí Amóhùnmáwòrán: Èdè àwọn Òǹwòran Yorùbá ní Ìlú Minna

1.0 Ìfáàrà

Nínú eré onípele orí amóhùnmáwòrán, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí sóòpù, ìyà obìnrin wọ́pọ̀ púpọ̀. Ọkọ a gbá aya lójú, ìyá ọkọ a lé ìyàwó jáde lóru, ọ̀gá ibi iṣẹ́ a fi ipò rẹ̀ halẹ̀ mọ́ akọ̀wé rẹ̀ tí ó jẹ́ obìnrin. Àwọn òǹwòran a máa bú ìkà, wọn a máa ṣàánú ẹni tí ìyà ń jẹ, wọn a sì tún ọ̀rọ̀ náà sọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì ní ọjà, ní ibi iṣẹ́ àti nínú ọkọ̀. Ìbéèrè tí ó gba àròjinlẹ̀ ni pé, kí ni wọ́n gbà pé àwọn rí?

Ìwà ipá akọ-n-bábo ni ìwà ipá yòówù tí ènìyàn bá hù sí ẹlòmíràn nítorí pé onítọ̀hún jẹ́ akọ tàbí nítorí pé ó jẹ́ abo. Lílù wà nínú rẹ̀. Ìfipábánilòpọ̀ wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni èébú, ìhalẹ̀mọ́ni, fífi owó fi ìyà jẹ ènìyàn àti dídènà fún un kí ó má lè jáde tàbí kí ó má lè ṣiṣẹ́. Obìnrin ni ó ń fara gbá a jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń ṣẹlẹ̀ sí ọkùnrin náà.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lásán. Ìwádìí ìjọba lórí ìlera àti iye ènìyàn ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ṣe ní 2018, fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 15 sí 49, mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ẹnìkan ti lù tàbí fi agbára ṣe léṣe rí láti ìgbà tí wọ́n ti pé ọmọ ọdún 15. Ìwádìí kan náà béèrè bóyá ìdí kankan wà tí ó fi tọ́ kí ọkọ lu aya. Ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin gbà pé ó kéré tán ìdí kan wà. Ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún ọkùnrin ni ó gbà bẹ́ẹ̀. Iye obìnrin tí ó gbè lẹ́yìn lílù aya ju iye ọkùnrin lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ojú tí òǹwòran fi ń wo ìwà ipá kò gbọ́dọ̀ fojú fo kókó yìí.

Ohun tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé kì í ṣe ojú nìkan ni òǹwòran fi ń wo eré; ó ń fi èdè rẹ̀ wò ó pẹ̀lú. Ìwà ipá tí ó bá ní orúkọ tí ó tọ́ sí i nínú èdè òǹwòran ni yóò dá mọ̀ kíákíá. Èyí tí èdè bá ti fún ní orúkọ mìíràn, bí ìbáwí, owú tàbí sùúrù, lè kọjá lójú rẹ̀ láìjẹ́ pé ó pè é ní ìwà ipá rárá.

2.0 Ìlú Minna gẹ́gẹ́ bí ibùdó ìwòran

Minna ni olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Niger láti ìgbà tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀ ní 1976. Àwọn Gbagyi ni onílẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú irin tí ó dé ìlú náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún sọ ọ́ di ìkóríta. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tí ó ti Èkó wá àti èyí tí ó ti Baro lọ sí Kano ti pàdé. Nípa bẹ́ẹ̀, Nupe, Hausa, Yorùbá àti Ìgbò di ará àdúgbò kan náà. Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, tún mú ọ̀pọ̀ Yorùbá wá gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ ibùdó yìí fi ṣe pàtàkì ni pé nínú agboolé tí ayálégbé oríṣiríṣi ń gbé, eré kan lè wọlé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n jíròrò rẹ̀ ní Hausa láàárín aládùúgbò, kí ìyá sì tún un sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ ní Yorùbá. Ní ìkọ̀ọ̀kan ìgbà yìí ni ìwà tí ó wà nínú eré náà ń gba orúkọ titun. Yorùbá tí ó ti pẹ́ ní Minna mọ ọ̀rọ̀ Hausa náà, hakuri, tí ó túmọ̀ sí sùúrù. Ó sì mọ zalunci, tí ó túmọ̀ sí ìnilára. Ẹni tí ó bá ní hakuri ni ó yẹ obìnrin inú eré náà, àti ẹni tí ó bá ní zalunci ni ọkọ rẹ̀ ń ṣe, eré kan náà ni àwọn méjèèjì wò, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n rí kì í ṣe ọ̀kan náà.

3.0 Ìrìn àjò eré onípele dé ọ̀dọ̀ òǹwòran

Orí rédíò ni irú eré yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí 1930. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ọṣẹ ni ó ń san owó rẹ̀ kí wọ́n lè polówó ọjà wọn fún àwọn ìyàwó ilé, ibẹ̀ ni orúkọ náà, sóòpù, ti wá. Ní Nàìjíríà, Village Headmaster tí Ṣẹ́gun Olúṣọlá dá sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1968. Mirror in the Sun tẹ̀lé e ní ọdún 1984, Checkmate tí Amaka Igwe kọ sì gbòde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ní àwọn ọdún 1990 náà ni NTA gbé eré ilẹ̀ Mexico, The Rich Also Cry, tí wọ́n ṣe ní 1979, wọ inú ilé àwọn ènìyàn. Super Story ti Wálé Adénúgà bẹ̀rẹ̀ ní 2001. Arewa24 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2014, ó sì ń gbé Dadin Kowa jáde ní èdè Hausa. Ní 2015 ni Zee World dé, tí ó ń gbé eré ilẹ̀ Íńdíà jáde pẹ̀lú ohùn Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun kan wà tí ó ya eré onípele sọ́tọ̀ sí sinimá: kì í tètè parí. Òǹwòran lè bá ẹ̀dá ìtàn gbé fún oṣù tàbí ọdún, títí tí yóò fi mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ aládùúgbò. Nítorí náà, ìyà tí ó bá ń jẹ ẹ̀dá ìtàn náà kì í ṣe ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ń di ara ìgbé ayé ojoojúmọ́.

4.0 Tíọ́rì tí ó lè la ọ̀rọ̀ yìí yé

Tíọ́rì méjì ni ó wúlò níhìn-ín. Èkínní ni ti George Gerbner, onímọ̀ tí ó ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, tí ó sọ pé bí ènìyàn bá ṣe ń pẹ́ nídìí amóhùnmáwòrán tó ni yóò ṣe máa rò pé bí ayé inú rẹ̀ ti rí ni ayé gan-an rí. Lójú tíọ́rì yìí, ẹni tí ó bá ń wo ìgbájú lálaalẹ́ yóò gbà níkẹyìn pé bí ilé ti ń rí náà nìyẹn.

Èkejì ni ti Stuart Hall, tí ó gbé èrò rẹ̀ jáde ní Birmingham ní 1973. Ó ní òǹwòran kì í ṣe ìkòkò tí ènìyàn kàn ń da omi sí. Ó lè gba ohun tí òǹṣèré gbé wá pátápátá. Ó lè gba díẹ̀ kí ó kọ díẹ̀. Ó sì lè ta kò ó. Ipò kejì, ti gba-díẹ̀-kọ-díẹ̀, ni ó ṣe àǹfààní jù fún ìtúpalẹ̀ yìí. Òǹwòran tí ó ní, “Kò dára bí ọkùnrin yìí ṣe lù ú, ṣùgbọ́n ẹnu obìnrin náà mú jù,” ti dúró sí ipò yẹn. Ó dá ọkọ lẹ́bi pẹ̀lú gbólóhùn àkọ́kọ́, ó sì dá a láre pẹ̀lú èkejì. Ọ̀rọ̀ náà, “ṣùgbọ́n,” ni ó so ẹ̀bi àti àre pọ̀. Gerbner kò kọbi ara sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Hall rí i, ṣùgbọ́n kò fi èdè Yorùbá ṣe àpẹẹrẹ. Iṣẹ́ onímọ̀ èdè ni láti máa bá a lọ láti ibẹ̀.

5.0 Orúkọ tí ìwà ipá ń jẹ́ lẹ́nu òǹwòran

5.1 “Ó bá a wí”

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tí ó le fún lílù. Ẹni tí wọ́n lù bí ẹni lu bàrà, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ tí kò ní mọ̀ pé ìkà ni. Ṣùgbọ́n bí lílù bá mọ ní ìgbájú kan, òǹwòran lè ní ọkọ náà “bá a wí” ni. Òbí ni ó ń bá ọmọ wí. Olùkọ́ ni ó ń bá akẹ́kọ̀ọ́ wí. Ẹni tí ó bá lo ọ̀rọ̀-ìṣe yìí fún ọkọ àti aya ti sọ aya di ọmọdé kí ó tó dé ìparí gbólóhùn rẹ̀. Òwe tí ó ní ilé ọkọ ni ilé ẹ̀kọ́ sì wà nílẹ̀ láti gbè é lẹ́yìn.

Òfin pàápàá ti lo irú èdè yìí rí. Òfin ìwà ọ̀daràn ti Àríwá Nàìjíríà, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960 tí ó sì kan agbègbè Minna, sọ ní abala 55 pé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ bí ọkọ bá fi ìyà díẹ̀ tọ́ aya rẹ̀ sọ́nà, níwọ̀n ìgbà tí àṣà tàbí òfin ìbílẹ̀ wọn bá fàyè gbà á, tí kò sì ṣe é léṣe ńlá. Ìyàtọ̀ tí òǹwòran ń fà láàárín ìgbájú kan àti lílù bí ẹni lu bàrà kò jìnnà sí ìyàtọ̀ tí àwọn aṣòfin fà nínú ìwé.

5.2 “Ó ń jowú”

Nínú The Rich Also Cry, Mariana jẹ́ ọmọ òrukàn tí ó fẹ́ Luis Alberto, ọmọ olówó. Ọkọ náà jowú, ó fi ẹ̀sùn àgbèrè kàn án láìsí ẹ̀rí, ó sì fi í sílẹ̀. Ọkàn obìnrin náà dàrú tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gbé ọmọ rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Kò sí ìjà kan tí ó ṣẹ́ egungun níbẹ̀, síbẹ̀ ìwà ọkùnrin náà ba ayé ènìyàn méjì jẹ́. Ní èdè Yorùbá, owú ni orúkọ ohun tí ó ṣe é. Ìfẹ́ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ó ń bí owú. Ọkọ tí ó ń tú àpò aya rẹ̀ wò, tí ó ń ka iye wákàtí tí ó lò lọ́jà, tí ó kọ̀ fún un láti rí ọ̀rẹ́ rẹ̀, “ó fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ni.” Orúkọ náà, owú, bo ìwà ipá náà mọ́lẹ̀.

5.3 “Ìyà ń jẹ ẹ́”

Gírámà pàápàá ní ipa tí ó ń kó. Nínú gbólóhùn “Ìyà ń jẹ ẹ́ nílé ọkọ,” ìyà ni olùwà, obìnrin náà ni àbọ̀. Ẹni tí ó fi ìyà jẹ ẹ́ kò sí níbẹ̀ rárá. Nínú “Inú bí ọkọ náà,” inú ni olùwà, ọkọ ni àbọ̀, bí ẹni pé òun gan-an ni nǹkan ṣe. Nínú “Wọ́n lù ú,” wọ́n lè jẹ́ ẹnikẹ́ni. Èdè Yorùbá kò ṣàìní ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà dárúkọ aṣebi: “Ọkọ rẹ̀ fi ìyà jẹ ẹ́” wà nílẹ̀. Ẹ̀bi èdè kọ́ bí òǹwòran bá yan èyí tí ó fi aṣebi pamọ́. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ń kọ́ni ní olùwà àti àbọ̀ lè fi irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ han akẹ́kọ̀ọ́ pé ẹ̀bi àti àre lè wà nínú ìhun gbólóhùn.

5.4 Obìnrin mìíràn gẹ́gẹ́ bí ọ̀daràn

Ìtàn Oh Father, Oh Daughter, tí Super Story fi bẹ̀rẹ̀, dá lórí baba kan tí ó fi aya àti àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ sínú ìyà nítorí obìnrin mìíràn. Orúkọ obìnrin náà ni Toyin Tomato, Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé ni ó ṣe é. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, orúkọ yìí kò tíì kúrò lára òṣèré náà. Orúkọ Suara, baba tí ó kọ ilé rẹ̀ sílẹ̀, kò tàn tó bẹ́ẹ̀. Nínú eré ilẹ̀ Íńdíà, ìyá ọkọ ni ó sábà máa ń gba ipò yìí. Òǹwòran a gégùn-ún fún àlè, a bú ìyá ọkọ, a sì ní wọ́n ti fún ọkùnrin náà ní nǹkan jẹ ni. Ọwọ́ tí ó na obìnrin jẹ́ ti ọkọ, ẹ̀bi rẹ̀ sì lọ bá obìnrin mìíràn. Àgbà ní agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà; nínú irú ìwòran yìí, wọn kì í pe ọkọ wá sí ìgbẹ́jọ́ rárá.

6.0 Sùúrù àti ìgbẹ̀yìn eré

Ọgbọ́n tí ó mú eré onípele gùn ni pé ẹni rere gbọ́dọ̀ jìyà títí. Mariana padà rí ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Saloni, tí wọ́n fi àwọ̀ dúdú rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ nínú eré ilẹ̀ Íńdíà tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, di ẹni iyì nílé ọkọ. Àwọn ọmọ tí Suara kọ̀ sílẹ̀ di ènìyàn láwùjọ. Òǹwòran Yorùbá mọ ẹ̀kọ́ tí yóò kọ́: sùúrù ni baba ìwà, ọmọ ni obìnrin sì ń tìtorí rẹ̀ jókòó nílé ọkọ.

Òwe wọ̀nyí kò burú ní àyè wọn. Sùúrù ni ó ń mú kí tọkọtaya borí àìlówó àti àìsàn. Ohun tí ó lòdì ni pé kí wọ́n máa lò ó fún ewu ẹ̀mí. Òǹkọ̀wé eré ni ó ń pinnu pé obìnrin náà yóò wà láàyè títí di apá tí ó kẹ́yìn. Kò sí irú òǹkọ̀wé bẹ́ẹ̀ nínú ilé gidi. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin 2022, olórin ẹ̀mí Osinachi Nwachukwu kú ní Abuja, ìlú tí kò jìnnà sí Minna. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin 2025, ilé-ẹjọ́ gíga Abuja dájọ́ ikú fún ọkọ rẹ̀ lórí ọ̀ràn náà.

Ìdí mìíràn tí òǹwòran fi ń retí kí obìnrin dúró ni orúkọ tí ń dúró dè é níta. Obìnrin tí ó bá fi ilé ọkọ sílẹ̀ padà sí ilé baba rẹ̀, ilémoṣú ni wọ́n ń pè é. Kò sí orúkọ tí ó le bẹ́ẹ̀ fún ọkùnrin tí ó lù ú títí tí ó fi sá. Bẹ́ẹ̀, àṣà Yorùbá kan náà ni ó ń mú kí ìdílé ìyàwó kìlọ̀ fún ọkọ nígbà ìdána pé bí ọmọ àwọn bá sú u, kí ó dá a padà fún àwọn, kí ó má ṣe lù ú. Ilé baba jẹ́ ibi ààbò nínú ìkìlọ̀ yìí. Nínú ọ̀rọ̀ náà, ilémoṣú, ó di ibi ìtìjú. Òǹwòran jogún méjèèjì. Èyí tí eré bá ń rán an létí lemọ́lemọ́ ni yóò máa wá sí ẹnu rẹ̀.

7.0 Ẹ̀rí pé eré lè yí ojú ìwòye padà

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni torí èyí gbà pé eré onípele kò lè ṣe rere. MTV Shuga jẹ́ eré onípele fún àwọn ọ̀dọ́; àrùn éèdì ni kókó rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mẹ́nu ba ìwà ipá sí obìnrin. Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé mẹ́ta, Abhijit Banerjee, Eliana La Ferrara àti Victor Orozco, fi í han ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 18 sí 25 ní Ìwọ̀-oòrùn Gúúsù Nàìjíríà, wọ́n sì padà lọ wò wọ́n lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2019 fi hàn pé èrò àwọn ọkùnrin tí ó wò ó nípa lílu aya yí padà sí rere. Ìyípadà náà hàn jù lára àwọn tí eré náà dúró lọ́kàn wọn.

Ohun tí èyí kọ́ni ni pé òǹwòran tí ó bá ronú lórí ẹ̀dá ìtàn ni eré ń yí padà, kì í ṣe ẹni tí àwòrán kàn gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ọ̀rọ̀ ni ènìyàn sì fi ń ronú, ọ̀rọ̀ náà ni ó fi ń bá ẹlòmíràn jíròrò.

8.0 Ohun tí ó kan àwọn onímọ̀ èdè

Ìwé Èdè Ìperí Yorùbá, tí apá rẹ̀ kìíní jáde ní 1984 lábẹ́ àbójútó Ayọ̀ Bámgbóṣé, tí èkejì sì jáde ní 1990 lábẹ́ àbójútó Ọládélé Awóbùlúyì, pèsè ọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti àṣà. Ìṣẹ̀lẹ̀ inú ilé náà nílò irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Òfin tí ó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn, tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2015 fún Abuja, ka lílu aya sí ẹ̀ṣẹ̀. Ó tún ka èébú àti ìbanilọ́kànjẹ́, lílé ènìyàn jáde nílé àti fífi owó dè é mọ́lẹ̀ mọ́ ọn. Òfin ti rí ohun tí ọ̀pọ̀ òǹwòran kò tíì ní orúkọ fún. Bí ọ̀rọ̀ bí ìfowódeni àti ìsémọ́lé bá wọ ẹnu àwọn ènìyàn, ẹni tí ó ń wo eré ní Bosso tàbí ní Tunga yóò lè pe ohun tí ó rí ní orúkọ rẹ̀.

Iṣẹ́ kejì ni ti ìtumọ̀. Bí wọ́n bá ń kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sí ìsàlẹ̀ eré ilẹ̀ òkèèrè, ìyàtọ̀ ńlá ni ó wà láàárín “ó bá a wí” àti “ó lù ú,” àti láàárín “ó bá a sùn” àti “ó fipá bá a lò pọ̀.” Ògbufọ̀ tí ó bá yan èyí tí ó rọ̀ ti dá ẹjọ́ fún òǹwòran kí òǹwòran tó rí ẹjọ́ náà. Iṣẹ́ kẹta ni ti yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ bí wọ́n ṣe ń tú òwe palẹ̀ gbọ́dọ̀ lè béèrè pé ta ni òwe náà gbè, ta ni ó sì pa lẹ́nu mọ́.

9.0 Ìkádìí

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé òǹwòran Yorùbá ní ìlú bíi Minna kì í ṣe òpè tí amóhùnmáwòrán ń tàn jẹ. Ó ń ṣàánú, ó ń dájọ́, ó sì ń bú ìkà. Ṣùgbọ́n èdè tí ó fi ń dájọ́ náà a máa sọ ìgbájú di ìbáwí, a máa sọ ìsémọ́lé di owú, a sì máa sọ ewu ẹ̀mí di sùúrù. Ẹni tí ó bá bú ẹni tí ó ṣẹ́ egungun aya rẹ̀, tí ó sì gbóríyìn fún ẹni tí ó sé tirẹ̀ mọ́lé nítorí ìfẹ́, ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Inú èdè kan náà ni òdodo ọ̀rọ̀ wà: ìkà ń jẹ́ ìkà, ìnilára ń jẹ́ ìnilára, olùwà gbólóhùn sì ṣeé dárúkọ. Ní alẹ́ ọjọ́ tí obìnrin inú eré bá ti ń sunkún lójú àwòrán, obìnrin kan lè jókòó láàárín àwọn òǹwòran tí ìyà kan náà ń jẹ. Ohun tí àwọn tí ó yí i ká bá sọ nípa ti inú eré ni yóò fi mọ̀ bóyá ó lè sọ tirẹ̀.